Etí Tó Ń Gbọ́ Ikọ́ Èèrà

Kò sẹ́ni tó mọ aṣọ lọ̀ tó mi nílé iṣẹ́ wa. Ṣòkòtò tí mo bá ti fi áyọ́ọ̀nù kàn, ojú ìlà ẹ̀ lè gé búrẹ́dì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ránṣọ níbẹ̀ náà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín tábìlì mi àti yàrá táwọn obìnrin ti máa ń tilẹ̀kùn jẹun. Mo ti sọ fún gbogbo ayé pé mò ń gbọ́ òfófó wọn látibẹ̀, pé etí mi ń gbọ́ ikọ́ èèrà.

Àṣé ọ̀gá wa ti fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan pamọ́ sẹ́yìn dígí yàrá yẹn. Ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ fáwọn yòókù pé kí wọ́n má ṣiṣẹ́ kọjá àsìkò mọ́. Ó lé e. Ẹ̀gbọ́n mi gba kóòtù lọ, iṣẹ́ ẹ̀ ló fẹ́ gbà padà.

Òfin tí wọ́n kà níbẹ̀ ò gùn: ọ̀rọ̀ tí ẹni tó wà níta ò bá lè fi etí lásán gbọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ jí i gbọ́. Ni lọ́yà ọ̀gá bá pè mí jáde. Èmi!

"Ṣé ìwọ lo ní ò ń gbọ́ wọn látẹ̀yìn ògiri?"

"Èmi ni, sà." Mo tún kọ́là mi ṣe.

Lọ́yà kọjú sí adájọ́. "Olúwa mi, ẹ gbọ́ o. Ohun tí etí lásán ń gbọ́ kì í ṣe àṣírí. Òfin ò bá ọ̀gá wí."

Ẹ̀gbọ́n mi ò wò mí. Ilẹ̀ ló ń wò, obìnrin tó pọ̀n mí dàgbà.

Adájọ́, ìyá àgbà kan tó ń wo èèyàn látòkè awò ojú ẹ̀, ní, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n sọ lọ́jọ́ náà?"

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Irọ́ ni mo pa, mà. Tí ogójì ẹ̀rọ ìránṣọ bá ń pariwo, tí mo bá sín, ẹlòmíì ló máa ń sọ fún mi."

Lọ́yà fò dìde. "Ẹni tí etí ẹ̀ mú jù tiẹ̀ lọ lè gbọ́!"

Adájọ́ ní, "Lọ́yà, òfin yìí ò pe ìdíje etí. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí èèyàn lè tilẹ̀kùn, kó sọ tinú ẹ̀. Àwọn obìnrin yìí tilẹ̀kùn. Kí èyí tí wọ́n lé padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀."

Lójú ọ̀nà ilé, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èèrà ńkọ́?"

"Ara ẹ̀ ti yá, kò wúkọ́ mọ́. Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi ni mo la òfin yé adájọ́."

"Ìwọ tí o ò lè gbọ́ orúkọ ara ẹ látẹ̀yìn ògiri?"

Adití ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́ báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń pè kí n tó dáhùn.