Ọwọ́ Fùláwà Níbi Gbàǹjo Gíábọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná lábẹ́ lọ́rì mi, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ lọ́rì mi, èyí tí àwọn sójà lò gbó kí bàbá mi tó rà á. Òun nìkan ló lè la ẹrẹ̀ ọ̀nà Abà Ẹléyẹlé kọjá lásìkò òjò. Láti oṣù mẹ́ta tí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ti fọ́, kòkó àwọn ará abà wà nínú àpò, ó ti ń bu. Mo wá irú gíábọ́ọ̀sì yẹn títí, mi ò rí i, àfi níbi gbàǹjo orí fóònù tí wọ́n ti ń ta àlòkù ọkọ̀ sójà. Aago mẹ́rin ni gbàǹjo náà yóò parí. Mo ti sọ fún fóònù pé bí ẹnikẹ́ni bá fi owó lé tèmi, kí òun náà máa bá mi fi lé e, àmọ́ kí owó náà má dé ìdajì mílíọ̀nù. Mo bá gbórí lé táyà, oorun gbé mi lọ.

Bí mo ṣe sùn ni fóònù ga tó ilẹ̀kùn. Mo kan ilẹ̀kùn, mo wọlé. Ọ́fíìsì kan ló wà níbẹ̀ tó ń léfòó lófuurufú, okùn ewúrẹ́ ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀. Sájẹ́ǹtì kan jókòó nídìí tábìlì. Mo dọ̀bálẹ̀, torí ẹni tó bá jókòó síbi tó ga tó yẹn, àgbà ni.

"Ẹ káàsán, sà. Gíábọ́ọ̀sì ni mo wá rà."

"Ṣé ẹ ti rí àwòrán rẹ̀?"

"Àtàǹpàkò ẹni tó ya àwòrán ni mo rí, sà. Ó bo gbogbo ọjà."

"Àtàǹpàkò wà lára ọjà," ó dáhùn. "Igba bàtà ẹsẹ̀ òsì náà wà níbẹ̀. Ẹ ò lè mú ọ̀kan kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀."

Àtàǹpàkò náà jáde nínú àwòrán, ó kí mi, mo dá a lóhùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni gíábọ́ọ̀sì ti ń sunkún.

"Bọ̀dá Ògúndélé, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti wà nínú àpótí, mi ò fẹnu kan ọ́ìlì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo béèrè iye rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Mo fajú ro bí ìyá mi ṣe kọ́ mi.

"Háà! Ẹ gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta."

Ọ́fíìsì já wálẹ̀, gbì! Sájẹ́ǹtì di tábìlì mú.

"A kì í ná ọjà wálẹ̀ níbí! Òkè nìkan là ń ná an sí!"

"Ọjà wo ni wọ́n ń ná sókè? Sà, ṣé ìyá tó bí yín ò rán yín lọ́jà rí ni?"

Ni ọwọ́ kan bá gba ojú fèrèsé wọlé, fùláwà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì bo gbogbo ìka rẹ̀. Ó fi ẹgbẹ̀rún kan lé tèmi, ọ́fíìsì gòkè díẹ̀. Mo fi ẹgbẹ̀rún kan lé e. Ọwọ́ náà tún fi kan lé e. Báyìí la ṣe títí a fi kọjá àwọsánmà, tí àwọn àwòdì ń gbójú sókè wò wá.

"Ẹ fi ojú onítọ̀hún hàn mí!" mo pariwo.

"A kì í fi ojú oníbàárà hàn oníbàárà."

"Irú ọjà olè wo rèé? Ìwọ ọlọ́wọ́ yìí, ṣé kòkó tìrẹ náà ń bu ni?"

Ọwọ́ náà gbọn fùláwà sí mi lójú. Sájẹ́ǹtì ń wo aago. Irùngbọ̀n hù ú lágbọ̀n, ìwo méjì ti fìlà rẹ̀ sókè, ó di òbúkọ, ó ṣì ń wo aago. Ó fi pátákò lu tábìlì.

"Mẹ̀ẹ̀! Ó ti di ti ọlọ́wọ́ fùláwà!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ okùn ọ́fíìsì. Okùn já, ọ́fíìsì yí dànù, èmi náà sì já bọ́.

Mo forí gbá abẹ́ lọ́rì, mo jí. Òbúkọ Màmá Ẹlẹ́kọ, aládùúgbò wa, dúró tì mí, ó ń jẹ okùn tí mo fi so táyà mi. Mo ti kí i ní "sà" kí n tó mọ̀. Mo gbé fóònù wò: aago mẹ́rin ti kọjá. Wọ́n ti ta gíábọ́ọ̀sì ní ìdajì mílíọ̀nù, kì í sì í ṣe èmi ni wọ́n tà á fún.

Ìyàwó mi sáré dé láti ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń po fùláwà bọ́ọ̀nsì, fóònù tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì funfun báláú.

"Bàbá Tẹniọlá, ẹ dìde, ẹ jó! Mo rí i pé oorun ti gbé yín lọ, mo bá forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù tèmi, mo bá yín ra gíábọ́ọ̀sì! Ọ̀dájú kan ló fẹ́ gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Bí mo bá ti fi ẹgbẹ̀rún kan lé e, òun náà á fi kan lé e. Àmọ́ mo ṣépè fún un. Mo ní ọkọ̀ yòówù tó fẹ́ fi gíábọ́ọ̀sì yìí sí, ọkọ̀ náà ò ní rìn láéláé. Ẹ ṣe àmín!"

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Mo wo lọ́rì mi. Mo wo fóònù mi, ọ̀dájú tó ń fi kan lé e.

Òbúkọ Màmá Ẹlẹ́kọ ló bá mi ṣe àmín náà. "Mẹ̀ẹ̀!"