Háípà Ọrùn, Háípà Ẹnu

Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni Beatrice gba orin lẹ́nu mi. Ìjọ kan náà là ń lọ ní Ìkẹ́rẹ́. Òun ni Ìyá Ẹgbẹ́. Èmi ni mo máa ń dá orin fún àwọn obìnrin, láti ìgbà tí mo ti wà ní ìyàwó tuntun.

Gẹ̀gẹ̀ ló mú mi lọ́rùn. Ó kéré bí ẹyin àparò, ó di ẹyin adìẹ, ó tó ọsàn. Lọ́jọ́ ìpàdé, Beatrice fi áńkáṣíìfù bo ẹnu bó ti máa ń ṣe.

"Ìyá Títílọpẹ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn. Àlejò ń bọ̀ síbi ìkórè. Wọn á ní àpò lẹ̀ ń kó orin sí."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́, Ìyá Ẹgbẹ́."

Mo délé, mi ò jẹun. Orin ni mò ń kọ:

Ẹni gba igbá lọ́wọ́ mi,
Màá gbà á tòun tọmọrí.

Títílọpẹ́ ọmọ mi, tí wọ́n gbé kúrò ní Àkúrẹ́ wá sí ọ́fíìsì ìjọba l'Ádó, ló mú mi lọ ọsibítù. Dókítà kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún fọwọ́ kàn mí lọ́rùn.

"Màmá, ohun kan ń ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ níbí. Ohun tó bá pọ̀jù lára, háípà la máa ń fi ṣáájú orúkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, háípà ni. Tiyín náà, háípà ni."

"Ẹ gé e."

"Ọ̀bẹ lè kan ohùn o. Ẹ lè má kọrin mọ́."

Mo rò ó. Bí mo bá gbé gẹ̀gẹ̀ padà, Beatrice ò ní jẹ́ kí n kọrin. "Ẹ gé e, ọmọ mi."

Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lo oògùn fún oṣù méjì. Ọjọ́ tí mo padà lọ gba oògùn ni mo gba ẹnu ọ̀nà àwọn oníṣègùn eyín kọjá. Ta ni mo rí lórí àga? Beatrice, ó la ẹnu bí ẹyẹ tí ebi ń pa.

"Eyín kan hù lẹ́yìn eyín," oníṣègùn ń sọ fún nọ́ọ̀sì. "Àjà ẹnu ló wà. Háípà ni. A ó yọ ọ́."

Bó ṣe fa ẹ̀mú yọ ni Beatrice bọ́ sílẹ̀. Ó sá gba ilẹ̀kùn kejì, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣẹ́ kù. Kò rí mi. Mo jókòó síbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń ro mí.

Wọ́n gé tèmi. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohùn mi dà bí ti ọ̀pọ̀lọ́ inú kànga. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó jáde, ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ìjọ wa, ẹni tó bá bọ́ lọ́wọ́ àìsàn ló ń dá orin ìdúpẹ́ tirẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ á tò sẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Ẹgbẹ́ á ṣáájú wọn, wọn á máa gbè é pé "Ó ku tèmi, Olúwa," kí ire lè kan àwọn náà. Ẹnikẹ́ni kì í pa á lẹ́nu mọ́. Mo jó síwájú pẹpẹ:

Háípà ọrùn ti lọ o,
— Ó ku tèmi, Olúwa.
Eyín tó hù lẹ́yìn eyín,
— Ó ku tèmi, Olúwa.
Èyí tó wà lájà ẹnu,
— Ó ku tèmi, Olúwa.
Èyí tó rí ẹ̀mú tó sá,
— Ó ku tèmi, Olúwa.

Beatrice tún fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Àwọn obìnrin ti yíjú sí i. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ro ti áńkáṣíìfù yẹn. Àlùfáà ń wò ó, Beatrice ò lè má gbè é. Mo dá orin náà lẹ́ẹ̀meje. Ara mi yá gágá.

Níta, ó di aṣọ mi mú. "Ẹ pa mí, Ìyá Títílọpẹ́."

"Èmi kẹ̀? Ọpẹ́ ni mo dú."

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ kan, ìyá Bámijókò, àgbà ẹgbẹ́, béèrè ẹni tí yóò dá orin. Gbogbo wọn wò mí. Beatrice ń wo ilẹ̀, ó kùn nínú áńkáṣíìfù pé kí wọ́n fún mi.

"Mi ò gbọ́ dáadáa, Ìyá Ẹgbẹ́," mo ní. "Ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Ẹ la ẹnu."

Ó gbọ́wọ́ kúrò, ó la ẹnu, ó ní, "Kí Ìyá Títílọpẹ́ dá a."

Mo sì dá a.