Lẹ́tà Orí Aṣọ Dúdú

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún mọ́ fóònù díẹ̀, kí ìyàwó mi lè rí yín dáadáa."

Ọkọ àbúrò aránṣọ ló ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Aránṣọ gbé fóònù ti ara ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tẹ orí síwájú. Àbúrò rẹ̀ jókòó nínú fóònù bí àlejò, irun tí wọ́n fá nítorí iṣẹ́ abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú lulẹ̀ níbi iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti sá kúrò lẹ́nu rẹ̀, òun tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ bí ẹyẹ ẹ̀gà. Òkun sì wà láàárín wọn, aránṣọ kò lè dì í mú.

"Dókítà ní ká máa rán an létí ohun àtijọ́. A ti kọrin, a ti gbàdúrà. Ó kàn ń wò wá ni."

Aránṣọ rántí ohun kan. Nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń kọ́ṣẹ́, etí ọ̀gá wọn gùn ju tépù lọ. Ni wọ́n bá dá èdè kan sílẹ̀ tí wọ́n fi ń bú u níṣojú ara rẹ̀. Wọ́n ṣe lẹ́tà fún èdè náà, wọ́n sì fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Kò sí ẹlòmíì láyé tó gbọ́ ọ.

Ó fa aṣọ dúdú oníbàárà kan sórí tábìlì, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya ìlà wíwọ́ kan sí i.

"Ojú-abẹ́rẹ́ nìyí. O rántí?"

Àbúrò kò mira.

"Èyí ńkọ́? Ọ̀gá-ń-hanrun ni."

Ọkọ bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tẹjú mọ́ aṣọ náà. Aránṣọ ya ẹ̀kẹta, róbótó tó ní ìrù. Kó tó la ẹnu, ètè àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n… mi… dà."

"Ó sọ̀rọ̀!" ọkọ pariwo. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orúkọ lẹ́tà náà nìyẹn?"

Bọ́tìnnì-já ni lẹ́tà náà ń jẹ́. Bọ́tìnnì-já ló ti ń jẹ́ láti ìgbà ọmọge wọn.

"Òun náà ni," aránṣọ dáhùn. "Orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn, àbúrò mi."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó wá ya òmíràn, èyí tí kò sí nínú èdè wọn rí, tí kò sì tíì lórúkọ, ó sì gbé aṣọ náà síwájú fóònù.

"Èyí ńkọ́?"