Orúkọ Jannik Lọ́rùn Sidsel

Ooru inú ilé gíláàsì tí a ti ń gbin òdòdó lẹ́yìn ìlú Odense kì í ṣe kékeré. Kódà nígbà òtútù, ẹ̀wù péńpé la máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí Sidsel, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹrin, tó fi ìborùn wé ọrùn bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn, mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

"O ti kó jáde?" mo bi í.

"Láti ọjọ́ Ẹtì."

"Jannik ti mọ̀?"

"Ó ti pè mí nígbà mọ́kànlélógójì, Lone. Ó ní láti ti mọ̀."

Ọdún mẹ́fà ló fi bá Jannik gbé. Jannik ò lù ú rí, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ẹni tó lè wá kí i, òun ló sì ń ṣọ́ aago tí Sidsel bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún kejì wọn, ó mú un lọ sọ́dọ̀ Flemming, bàbá kan tó máa ń fín ara fún àwọn èèyàn nítòsí èbúté, ó ní kí wọ́n fín orúkọ òun sí abẹ́ etí rẹ̀ lápá òsì. Sidsel bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n fín in sẹ́yìn, níbi tí aṣọ á ti bò ó. Jannik ní ibi tí òun á ti máa rí i lòun fẹ́.

Lọ́jọ́rú, mo tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìtọ́jú awọ ara. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ulla fi gíláàsì wo ọrùn rẹ̀. Ó ní iná lésà lè fọ́ tàdáwà inú awọ sí wẹ́wẹ́, kí ara fúnra rẹ̀ máa kó o lọ, ṣùgbọ́n ó máa tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ méje-méje ni wọ́n sì máa fi sáàárín.

"Ẹ ò lè gé e kúrò?" Sidsel bi í.

"Dókítà lè gé e, kó rán awọ pọ̀. Ṣùgbọ́n èyí ti tóbi jù. Àpá á fa ọrùn yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ìpara tí wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

"Ìyẹn á bó yín lára, orúkọ á sì wà níbẹ̀. Ẹ tún lè ní kí wọ́n fín nǹkan tó tóbi jù ú lọ bò ó."

"Bíi kí ni? Màlúù?" Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ yẹn. "Ẹ ṣe ti lésà fún mi."

Ulla wá mú ìwé jáde, ó ń bi í ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí nǹkan oṣù, Sidsel bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà, ó dúró, ó tún kà á. Ulla fún un ní ohun tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò. Nígbà tó ti ilé ìtọ̀ jáde, ó fi ìlà méjì tó yọ lórí rẹ̀ hàn wá.

"A kì í ṣe lésà fún aboyún," Ulla ní. "Gbogbo rẹ̀ á dúró ná. Tí ẹ bá bímọ tán, tí ẹ sì já ọmọ lẹ́nu ọmú, ẹ padà wá."

Nínú ọkọ̀, Sidsel tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mo ní kí n wá pa orúkọ ẹ̀ rẹ́. Ọmọ ẹ̀ ni mo bá níbẹ̀."

Ó ní kí n wa òun lọ sọ́dọ̀ Flemming kíákíá. Ó fẹ́ parọ́ fún un pé òun ò lóyún, kó fi dúdú kun gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Flemming ṣe tú ìborùn yẹn, ó dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

"Mo rántí rẹ," ó ní. "O sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé abẹ́rẹ́ ló ń dùn ọ́."

"Kì í ṣe abẹ́rẹ́."

"Ó yẹ kí n bi ọ́."

Lẹ́yìn ìyẹn, Sidsel ò lè parọ́ fún un mọ́. Flemming náà ní òun ò ní ki abẹ́rẹ́ bọ aboyún lára. Ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, kò mọ ohun tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Sidsel ṣì lè pinnu pé òun ò ní bí ọmọ náà. N kò bi í léèrè. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ibi tí a ti ń jẹ búrẹ́dì dúdú lọ́sàn-án ló ti sọ fún mi pé òun máa bí i. Ó ní ọmọ kọ́ ló fín nǹkan sí òun lọ́rùn.

Jannik gbọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó wá dúró dè é níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí. Kò pariwo.

"Ṣé orúkọ mi ṣì wà níbẹ̀?" ó bi í.

"Ó wà."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Sidsel sì dúró síbẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n dé mọ́ inú àgò.

Oṣù Kejìlá ló bí Alberte. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí ní kí bàbá máa mú ọmọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ìgbà tó já ọmọ lẹ́nu ọmú ni Ulla tó bẹ̀rẹ̀ lésà. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún báyìí. Sidsel ní ó máa ń ta bí òróró gbígbóná, lẹ́yìn náà awọ á wú, á léròrò. Dúdú rẹ̀ ti di eérú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sún mọ́ ọn ṣì lè kà á.

"Ti ọrùn á lọ lọ́dún tó ń bọ̀," ó sọ fún mi. "Ti inú ìwé ìbí ọmọ, ó ku ọdún mẹ́rìndínlógún kí ọmọ tó pé ọdún méjìdínlógún."

Ní àwọn ọjọ́ Àbámẹ́ta tí Alberte bá wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ilé mi ni Sidsel máa ń wá. Màá po kọfí fún un, á máa fi ṣíbí rò ó títí á fi tutù. Aago márùn-ún ni Jannik máa ń dá ọmọ padà sí ilé Sidsel. Láti aago mẹ́ta ni Sidsel ti máa ń wọ bàtà, á jókòó lórí àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. N kì í sọ fún un mọ́ pé ó ti yá jù.