Akàn Lẹ́sẹ̀ Ọmọlanke

Bàbá mi kò fẹ́ràn ohun tó ń mì. Bí tábìlì bá ń mì, á ki nǹkan sí i lẹ́sẹ̀. Bí ìlẹ̀kùn bá ń mì, á kan ìṣó mọ́ ọn. Ìyá mi a máa sọ pé òun kì í mi ẹsẹ̀ tí òun bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ òun, kó má baà lọ kan òun náà mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ló kó bá a. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú ojú irin tí ọkọ̀ rélùwéè ń gbà kọjá lẹ́yìn ilé wa. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ náà rí á rò pé irin tí wọ́n bá ti tẹ́ sílẹ̀ ti sùn nìyẹn. Irọ́ ni o. Irin ń rìn. Bí ọkọ̀ ṣe ń gùn ún, tó ń tẹ búrèkì lórí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni irin ń sún síwájú bí ẹní tí ọmọdé ń yí gbirigbiri lórí rẹ̀, títí àlàfo tó yẹ kó wà láàárín irin kan àti èkejì á fi dí pa níbì kan, á sì ya ẹnu kalẹ̀ níbòmíràn. Bàbá mi ka èyí sí ìwọ̀sí. Mo ti gbọ́ tó ń bá irin wí rí: "Ibí ni mo tẹ́ ọ sí. Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

Bó ṣe di pé ó ro ohun kan tó pè ní Akàn nìyẹn. Irin líle kékeré ni, tí wọ́n fi iná tẹ̀ kó rí bí ọwọ́ akàn. Wọ́n á fi òòlù gbá a wọlé lábẹ́ irin, á fi ẹnu gé ìsàlẹ̀ irin náà mú ṣinṣin, á wá fi ẹ̀yìn ti ọ̀kan nínú àwọn pákó gbọọrọ tí irin náà sùn lé. Bí irin bá fẹ́ rìn, Akàn á ní, "Ó di ibo?" Bàbá mi ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri, sára páálí bàtà, sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ gbà kó fi dán ojú irin ẹ̀yìn ilé wa wò, ńṣe ni inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Láti ọjọ́ náà, kò sí àpò ṣòkòtò rẹ̀ tí Akàn kò sí. Ó fi ọ̀kan di fèrèsé mú. Ó fi ọ̀kan di ìdérí ìkòkò mú, nítorí ó ní ó ń pariwo tí ọbẹ̀ bá ń hó, ìyá mi kò sì rí ọbẹ̀ bù títí ó fi ti ibi iṣẹ́ dé.

Ẹ wá wo ẹni tí ọmọ irú bàbá bẹ́ẹ̀ lọ fẹ́.

Mekáníìkì ni. Tú-u-wò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ohun tí ojú rẹ̀ rí tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní tú wò. Aránṣọ ni mí nígbà náà, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú títì. Ó gbé ṣòkòtò wá fún àtúnṣe, mo yíjú wá okùn ìwọnṣọ, kí n tó yíjú padà, ó ti tú ẹ̀rọ ìránṣọ mi sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí òwú ń gbà ni."

"Ṣé ẹ máa lè tò ó padà?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó tò ó padà lóòótọ́. Ẹ̀rọ náà wá ń rán aṣọ bí ẹni pé wọ́n fi òróró fọ̀ ọ́ lẹ́nu. Àmọ́ ìdè irin kékeré kan ṣẹ́kù sí i látẹ́lẹwọ́.

"Èyí ńkọ́?" mo ní.

Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. "Kò wúlò ni jàre. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yẹn ló ṣe àṣejù."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí òun náà ń lá lálàá rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí kò nílò sípánà. Ó ní kí ló dé tí èèyàn á fi máa dọ̀bálẹ̀ fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ lójú títì, tí á máa bá nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún jà? Ó ṣe ihò mẹ́ta sáàárín ẹsẹ̀, ó ṣe eyín mẹ́ta sẹ́nu ọ̀pá tó gbé e. Ẹ ó ti ẹsẹ̀ náà wọlé, ẹ ó yí i díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń yí kọ́kọ́rọ́, ahọ́n irin kékeré kan á já sí ààyè rẹ̀: kẹ́! Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ gbé ahọ́n sókè, ẹ yí i padà, ó ti bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ó fi ṣe ọmọlanke kan tó ní ẹsẹ̀ rọ́bà fún títì àti ẹsẹ̀ irin fún ojú irin, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè lè ti ẹrù wọn láti títì bọ́ sójú irin láìsọ ọ́ kalẹ̀. Ó mọ ẹni tó fẹ́ tẹ́ lọ́rùn o. Èmi ni mo sọ iṣẹ́ bàbá mi fún un.

Ọjọ́ tó wá fi ara rẹ̀ hàn nílé, ó wọ aṣọ tí mo rán fún un, ó jókòó sétí àga bí ẹni tí àga náà ń gbóná.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?" bàbá mi bi í.

"Mekáníìkì ni mí, sà. Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń tètè yọ ni mò ń ṣe."

Bàbá mi gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. "Tó ń tètè kín ni?"

"Tó ń tètè yọ, sà."

"O mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe ẹsẹ̀ tó ń yọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo tiẹ̀ ti fi ṣe ọmọlanke ojú irin kan."

"Gbogbo ayé ń gbàdúrà kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ má yọ, ìwọ ló jókòó tí ò ń wá bó ṣe máa yọ! Tí mo bá wá fún ọ lọ́mọ mi ńkọ́? Tó bá di ọ̀la, ṣé wàá tú òun náà wò?"

Mo gbọ́ tí ìyá mi ń fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ bàbá mi. Ọ̀rọ̀ tó bá ti fi òòlù gbá wọlé, kì í jáde mọ́.

"Bàbá," mo ní, "aṣọ tí kò ṣeé bọ́, ẹ̀wọ̀n ni."

"Èyí tó ń dá bọ́ láàárín èrò ńkọ́?"

"Ìyẹn ìtìjú ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n! O ṣáà mọ̀ ọ́n." Ó kọjú sí Tú-u-wò. "Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ní í wó o. Gbọ́ o. Kó àwọn Akàn mi sínú ọmọlanke rẹ, kó kún. Èmi náà á gùn ún. Gbé wa gba ojú irin láti ṣọ́ọ̀bù rélùwéè wa dé géètì ibi tí títì ti gé irin kọjá. Bí ẹsẹ̀ kan bá yọ lọ́nà, má tẹ ilé yìí mọ́. Bí a bá débẹ̀, tí o fẹ́ pààrọ̀ ẹsẹ̀, tí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò yọ, má tẹ̀ ẹ́ mọ́ bákan náà."

"Mo gbà, sà," ni ọ̀dájú wí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọ̀gá ibùdókọ̀ ní ká dúró kí ọkọ̀ àárọ̀ kọjá ná. A dúró. Ibi ìdúró yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó yẹ kí n ti fura. Mo rí Tú-u-wò tó kúnlẹ̀ ti ojú irin, tó ń wo Akàn kan bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Mo rí bàbá mi tó ń yí ọmọlanke po, tó ń fi ìka ti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò, tó ń mi orí. Mo ní àwọn méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ara wọn ni. Ìfẹ́ fọ́ mi lójú!

Ọkọ̀ kọjá. Wọ́n gbé ọmọlanke sójú irin. Bàbá mi gorí ẹrù Akàn, ó ká ẹsẹ̀ bí ọba, méjì nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì bá Tú-u-wò ti ọmọlanke. Mò ń sáré tẹ̀ lé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, àmọ́ èmi gan-an ni ẹrù tó wúwo jù níbẹ̀. Ẹsẹ̀ irin ń kọrin, ọ̀kankan kò yọ. Bí a ṣe ń sún mọ́ géètì ni ojú bàbá mi ń rọ̀, ó tiẹ̀ juwọ́ sí obìnrin kan tó ń sá aṣọ.

A dé géètì. Tú-u-wò gbé ọmọlanke ró lórí igi kí ẹsẹ̀ lè kúrò nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ẹsẹ̀. Èkínní: kẹ́, ó bọ́. Èkejì: kẹ́, ó bọ́. Ẹ̀kẹta bọ́. Ó di ẹ̀kẹrin, ó gbé ahọ́n sókè, ó yí i. Kò gbọ́. Ó fà á. Kò gbọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lé e, ó fà á, òógùn bò ó.

Bàbá mi ń wo òkè. "Ó jọ pé òjò máa rọ̀," ó wí. Oòrùn ń ran gan-an.

Ibẹ̀ la wà tí Bàbá Géètì, arúgbó tó ń ṣí géètì, ti figbe ta: "Ọkọ̀ ń bọ̀ o! Ẹ gbé pósí yín kúrò níbẹ̀!" Ó fa àsíá pupa yọ, ó sáré bí ọmọ ogún ọdún pàdé ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ fọn fèrè, ó sì dúró. Èrò yọ orí lójú fèrèsé. Àwọn kan tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá gbani nímọ̀ràn.

"Ẹ da epo sí i!"

"Ẹ bẹ̀ ẹ́!"

Dírẹ́bà ọkọ̀ yọ orí síta. "Ṣé Bàbá Akàn nìyẹn? Ẹ̀yin lẹ ní ẹ kò fẹ́ kí irin rìn. Ọkọ̀ náà wá ńkọ́, ṣé kò ní rìn mọ́ ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Tú-u-wò. Mo wo abẹ́ ẹsẹ̀ kẹrin náà. Nǹkan kan gé e mú mọ́ ọ̀pá, ó tẹ̀ kọrọdọ, ó ń dán. Mo gbójú sókè wo bàbá mi. Bó bá ṣáà ti dákẹ́, òun ló borí. Ẹsẹ̀ kọ̀, kò yọ, èmi nìkan á sì padà sílé.

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹrù.

"Ó ń mì ni," ó wí.

"Kí ló ń mì, sà?" Tú-u-wò bi í.

"Ẹsẹ̀ yẹn. Ó ń mì láàárọ̀. Ọwọ́ mi kò gbà á. Mo fi Akàn kan sí i."

Èrò pariwo. Tú-u-wò ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọ ọ́."

"Mo ṣe é kó lè yọ ni? Òòlù tí mo fi ń gbá a kúrò tó bá di dandan wà ní ṣọ́ọ̀bù."

 Tú-u-wò wá ki ọwọ́ bọ àpò, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Akàn ló mú jáde.

Ojú bàbá mi ranko. "Níbo lo ti rí ìyẹn?"

"Lójú irin, sà. Láàárọ̀. Mo kàn fẹ́ tú u wò ni." Ó fi ìka tọ́ka sí i. "Ó ní abẹ́ apá kan, sà. Tí èèyàn bá ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀, tó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, á ya ẹnu."

Ó ki ìrù Akàn ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ apá Akàn tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọlanke, ó tẹ̀ ẹ́. Pàá! Akàn fò sínú koríko. Kó tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà báyìí, ẹsẹ̀ dá yọ fúnra rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó já lé e lọ́mọ ìka. Ó wo inú ihò mẹ́ta náà. Ó wo ahọ́n. Ìtìjú bò ó.

"Mo tú ẹsẹ̀ yìí wò láàárọ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mi ò yí i padà dópin. Kò sí ohun tó dì í mú láti ṣọ́ọ̀bù àyàfi Akàn yín, sà."

 Bàbá mi wá dé fìlà rẹ̀ dáadáa. "Ó ń mì," ó wí. "Mo ní ó ń mì."

Obìnrin kan kígbe lójú fèrèsé ọkọ̀: "Ẹ̀yin méjèèjì, olè ń mú olè ni yín! Ẹ lọ parí ẹ̀ nílé, ọmọ ń dúró dè mí!"

Wọ́n ki ẹsẹ̀ rọ́bà bọ̀ ọ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́, wọ́n tì í gba títì kọjá. Ọkọ̀ lọ, èrò ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, bàbá mi na ọwọ́. "Mú Akàn mi wá ká lọ dá a padà síbi tó o ti yọ ọ́. Kó o sì fi abẹ́ apá yẹn hàn mí." Àwọn méjèèjì gba ẹ̀gbẹ́ irin lọ, wọ́n ń jiyàn, wọ́n gbàgbé èmi àti ọmọlanke sójú títì.

Ìyá mi ló bi í lálẹ́ ọjọ́ náà pé, "Kó máa wá àbí kó má wá mọ́?"

"Kó máa wá," bàbá mi wí. "Àmọ́ tó bá ti wọlé, kó máa ki ọwọ́ bọ àpò."

Ojú irin yẹn náà la gbà lọ nígbà tí a ṣègbéyàwó tán, tí Tú-u-wò ríṣẹ́ síbi tó jìnnà. Bàbá mi sìn wá dé ibùdókọ̀. Ìlẹ̀kùn ibi tí a jókòó sí ń mì gbọ̀ngbọ̀n. Mo rí i tó wò ó. Mo rí i tó ki ọwọ́ bọ àpò. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń bá wa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lápò síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ ọwọ́ náà jáde lófìfo, ó sì fi juwọ́ sí mi.

Ìgbà tí a dé ibi tí à ń lọ ni mo mọ ìdí tí ọwọ́ náà fi ṣófo. Àpótí aṣọ wa kò ṣí. Akàn kan ti gé ìdérí rẹ̀ mú, ṣinṣin, bí ẹni pé àpótí náà ni irin tó fẹ́ sún kúrò nílé.

Ọkọ mi ti wá irin tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti ń wá abẹ́ apá rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀ ná," mo wí fún un.

Aṣọ ìrìn-àjò la wọ̀ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.