Ekùrọ́ Inú Sàréè

Ọdún kẹta rèé tí Zubaidah ti ń wá ẹ̀rí pé àwọn ará àtijọ́ ti dáko rí ní abúlé wọn, lẹ́yìn Lálùpọn. Ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ní yunifásítì nìyẹn. Ó gbẹ́lẹ̀ títí lóko bàbá rẹ̀, àpáàdì lásán ló ń rí. Mùjíbátù, ìyá rẹ̀, a máa gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá bá a nínú kòtò, a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ tí ò gbin nǹkan, kí ló fẹ́ kórè?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Mùjíbátù sùn, kò jí mọ́.

Kí oòrùn tó kanrí lọ́jọ́ kejì, Roheem, ẹ̀gbọ́n Zubaidah, ti ń gbẹ́ sàréè lẹ́yìn ilé, níbi tí ìyá wọn fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n sin òun sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ tó kú ní kékeré. Nígbà tí kòtò mu ún dé àyà, ṣọ́bìrì rẹ̀ kan òkúta. Ó gbé e jáde. Ọlọ ni, àárín rẹ̀ ti jẹ wọnú. Eérú wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ekùrọ́ tó ti jóná di èédú, ó pọ̀ bí ìgbà tí wọ́n dà á síbẹ̀.

Zubaidah kúnlẹ̀ létí kòtò.

Sàníù, bàbá wọn, wò ó. "Ṣé ohun tí o ti ń wá nìyí?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ṣé ká lọ gbẹ́ sàréè ìyá yín síbòmíràn?"

Zubaidah mọ̀ pé bí ṣọ́bìrì bá ti tú ibẹ̀, kò ní jẹ́ ẹ̀rí mọ́. Ó wo sàréè kékeré ẹ̀gbẹ́ kòtò náà, tí koríko ti bò.

"Ibi tí wọ́n fẹ́ nìyí," ló wí. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa gbẹ́ ẹ lọ."

Wọ́n sin ìyá wọn síbẹ̀.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Zubaidah kó ekùrọ́ díẹ̀ tó ṣà lórí yẹ̀pẹ̀ lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó ní ó lè ti pẹ́ gan-an lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbà á, nítorí ilẹ̀ tó ti jáde ti dàrú.

"Ṣé a ò lè tún ibẹ̀ gbẹ́ ni?"

"Ìyá mi ló wà níbẹ̀, sà."



Nígbà tó délé, ó bá bàbá rẹ̀ lóko kókò ìyá rẹ̀, ó ń ro ó. Òun náà mú ọkọ́. Nígbà tó yá, Sàníù dáwọ́ dúró.

"N ò mọ kókò tí ìyá yín ní ká kọ́kọ́ wà."

"Èmi náà ò mọ̀, Bàbá."

Ibẹ̀ ni bàbá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó bú sẹ́kún.