Ọ̀pá Sínúkà Jọmílójú

Bọ́ọ̀lù funfun kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú láìfara kàn án. Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí lọ́sàn-án yẹn. Jọmílójú gbé ọ̀pá rẹ̀ lé orí tábìlì sínúkà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì rẹ̀.

Efe tó ni ibi ìgbafẹ́ tí wọ́n wà ní Olódì-Àpápá fẹ́ fi ṣàwàdà. Ó ní bó bá jẹ́ bí ọ̀gá ṣe ń gbá a nìyí, òun náà á wọ ìdíje. Nígbà tí kò rí ẹni tó rẹ́rìn-ín, ó rọra bọ́ síta.

"Ọlábím, ojú yìí ti tún bẹ̀rẹ̀," ni Jọmílójú sọ.

Ọlábímtán, káfíńtà tó fẹ́ fẹ́ ẹ, tẹjú mọ́ ọ̀pá tó wà lórí tábìlì. Ọdún méjì sẹ́yìn ni wáyà já lára ẹrù níbi iṣẹ́ Jọmílójú ní Wharf Road, tó bà á lójú òsì. Dókítà ní ó ti san. Ṣùgbọ́n lánàá, níbi ìdíje tí wọ́n ti fẹ́ mú ẹni mẹ́rin tí yóò ṣojú Àpápá, ọmọge tí gbogbo Ajégúnlẹ̀ ń pè ní ọ̀gá kò rí bọ́ọ̀lù gbá sí ihò. Ó ku ìfigagbága kan lọ́la. Jọmílójú ní òun ò lọ mọ́. Ó tún ní kí Ọlábímtán sọ fáwọn ẹbí rẹ̀ kí wọ́n dá ìdáná oṣù tó ń bọ̀ dúró.

"Mi ò ní jẹ́ kó o fẹ́ ẹni tí wàá máa fà lọ́wọ́ kiri."

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kún Ọlábímtán lẹ́nu. Ó fẹ́ sọ pé bí ojú méjèèjì bá tilẹ̀ fọ́, òun á máa fi tòun ríran fún un títí alẹ́ ayé wọn. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà á wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ṣùgbọ́n irọ́ ló máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ló gba ọ̀pá Jọmílójú lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti pààrọ̀ awọ ẹnu ọ̀pá náà. Ó rí i pé igi rẹ̀ rí ṣákaṣàka. Ó rántí ìka Jọmílójú tí ọ̀pá náà ń gbà kọjá, ló bá fi sáńpépà fá a títí iwájú ọ̀pá fi tín-ín-rín, tó fúyẹ́. Ìwúwo tó fá kúrò níwájú ọ̀pá yẹn gan-an ló sì máa ń ti bọ́ọ̀lù funfun yà díẹ̀ nígbàkígbà tí Jọmílójú bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọdún mẹ́fà lojú rẹ̀ fi kọ́ bó ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún yíyà náà. Ní báyìí, bọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ yà mọ́, ojú ṣì ń fi àyè sílẹ̀.

"Kì í ṣe ojú ẹ," ló sọ. "Èmi ni. Mo fá iwájú ọ̀pá náà kó lè máa yọ̀ lọ́wọ́ ẹ."

"Mo rò pé epo lo fi pa á."

"Mo fá a ni. Má fi àyè sílẹ̀ mọ́. Gbá a bó o ṣe rí i."

Jọmílójú wò ó, ó mú ọ̀pá. Ó gbá bọ́ọ̀lù funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Dúdú wọ ihò. Ó tún un tò, ó di ojú ọ̀tún, ó fi òsì nìkan wò ó. Dúdú tún wọlé. Omijé bọ́ lójú méjèèjì.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Lánàá. Ní géèmù kejì. Ẹ̀rù bà mí."

"Mo sunkún sí ẹ létí mọ́jú lórí fóònù, Ọlábím."



Jọmílójú nu ojú rẹ̀. Ó ní òun á lọ síbi ìdíje lọ́la, àmọ́ kó má wá wòran. Ọlábímtán béèrè ọ̀rọ̀ ìdáná.

"Mi ò fagi lé e. Mi ò sì tíì ní ká ṣe é. Tí mo bá ti mọ èyí tí mo fẹ́, màá wá bá ẹ ní ṣọ́ọ̀bù."

Ó bẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń tún ojú kọ́. Ọlábímtán jáde. Bó ti ń dé títì, ó gbọ́ bọ́ọ̀lù tó wọ ihò, ó tún gbọ́ òmíràn. Ọkàn rẹ̀ ní kó padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́ ti Jọmílójú.